Ẹní Tó Ṣófo Létí Òkun Etíyanrìn

Bí àlejò bá dé Etíyanrìn, tó rí àga kan tó ṣófo nínú yàrá, tó sì fẹ́ fìdí lé e láìbéèrè, àwọn onílé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní: "Rọra o! Ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ tí a kò jókòó lé, ó ní ẹni tó ń retí." Bí ọmọge kan bá ń kọ ọkọ lọ́tùn-ún lósì, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kanra mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni ìyá rẹ̀ á fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ilẹ̀ tí ẹnìkan rà tí kò tíì kọ́, abọ́ ọbẹ̀ tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ilé ti jẹun tán, orí gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń pa òwe náà lé.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ta ló ń tẹ́ ẹní tí kò ní jókòó lé? Àwa tí a mọ ẹní, a mọ̀ pé ohun tí a ń fi í ṣe kò pọ̀: a jókòó lé e, a sùn lé e, tàbí kí a ká a, kí a gbé e ti ògiri. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ fún atẹ́gùn lásán, a ó bi í bóyá kò rí iṣẹ́ ṣe ni. Ó wá jẹ́ pé obìnrin kan wà ní ìlú yẹn tó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjìdínlógójì gbáko, orí rẹ̀ sì pé ju ti àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ìbídùn ni orúkọ ọmọbìnrin tí ọ̀rọ̀ náà tipasẹ̀ rẹ̀ di òwe. Tíṣà ni. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, ìlú òtútù, ìlú òkúta. Ṣùgbọ́n òkun ni bàbá rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣáá. Bí ọyẹ́ bá mú, tí wọ́n rọ̀gbà yí iná ká, bàbá á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìgbafẹ́ tí wọ́n máa ń ṣe nílé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá tẹ̀lé ọdún Àjíǹde. Á ní gbogbo ìlú ni í gbé ẹní àti abọ́ lọ sétí omi. Á ní atẹ́gùn á máa já gèlè gbà lórí àwọn ìyá, àwọn ìyá á máa lé gèlè, àwọn ọmọ á máa lé àwọn ìyá. Á ní púpurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ọbẹ̀ ẹja tútù tí wọ́n bá jẹ níbẹ̀, iyanrìn a máa ta sí i, kò sì sẹ́ni tó ń bìkítà. Á rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà á dákẹ́ lójijì, á sì dìde lọ sùn.

Bí àwọn ọmọ bá ní, "Bàbá, ẹ mú wa lọ," á ní, "Ó dèèmíì." Èèmíì náà kò dé rí. Ọdún ń gorí ọdún, bàbá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àìsàn dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kú, ó pe Ìbídùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ó ní, "Bí o bá dé Etíyanrìn, má kọ́kọ́ dárúkọ mi. Kọ́kọ́ wò wọ́n ná. Bí inú wọn bá ti rọ̀, wàá mọ̀."

"Kí lẹ ṣe fún wọn, Bàbá?"

Bàbá kọjú sí ògiri. Kò sọ ohun tó ṣe títí tó fi lọ.

Ohun tó gbé Ìbídùn rìn nìyẹn. Oṣù keje lẹ́yìn tí wọ́n sin bàbá rẹ̀, nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde, ó di ẹrù, ó wọ ọkọ̀, ó tún wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Etíyanrìn ní ọjọ́bọ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó lé bàbá rẹ̀ nílé. Ju ìyẹn lọ, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà ní ilé níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sẹ́yìn odi, bí àwọn ará ibi tí wọ́n bí i sí bá ń pè é ní àlejò, tí àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ náà bá tún pè é ní àlejò, ibo ló fẹ́ kọrí sí?

Obìnrin kan tó ń yan ẹja ló gbà á sílé, Rẹ̀kíyà ni wọ́n ń pè é. Ẹnu Rẹ̀kíyà kì í sinmi, ọwọ́ rẹ̀ náà kì í sì í sinmi. Ìbídùn sọ fún un pé tíṣà lòun, òun sì fẹ́ kọ ìtàn ìlú sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé. Kò purọ́, ó kàn jẹ́ pé kò sọ ọ́ tán ni.

Ẹ wo bí inú àwọn àgbà ìlú ti dùn tó! Wọ́n ń pè é láti ojúlé dé ojúlé. Ọ̀kan ní baba ńlá òun ló kọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí etíkun náà. Èkejì ní irọ́ ni, baba ńlá ti òun ló ti ń jẹ ẹja níbẹ̀ kí ti ẹni àkọ́kọ́ tó gúnlẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ẹtì, Ìbídùn ti kọ ọ́ sínú ìwé pé baba ńlá ènìyàn mọ́kànlá ló dá ìlú náà sílẹ̀, kálukú wọn ló sì kọ́kọ́ dé. Ó ń bi wọ́n léèrè, ó ń wojú wọn. Inú wọn rọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kò tíì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Rẹ̀kíyà já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Tíṣà, pa èyí dé. Bí o bá ń tẹ̀lé ẹnu àwọn bàbá yẹn, wàá gbọ́ pé àwọn ló da omi sínú òkun. Etí omi ni ìtàn ìlú wa wà. Gbé abọ́ ẹja yẹn, jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gba ojú ọ̀nà tóóró kan sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n tó rí òkun ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, kí wọ́n sì tó gbọ́ ọ dáadáa ni atẹ́gùn ti kó sábẹ́ ìró Ìbídùn, ó fẹ́ gbé e fò. Ó dì í mú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ohun gbogbo ni bàbá rẹ̀ ti ròyìn, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kún fún omi nígbà tó rí i: àwọn ọmọdé tí wọ́n ń sá fún ìgbì, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti bọ́ bàtà, àwọn ẹní aláràbarà tí wọ́n fi òkúta tẹ̀ lórí kí atẹ́gùn má bàa ká wọn lọ. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo etíkun. Ó ṣe é bíi pé òun ti wà níbẹ̀ rí, ó sì dùn ún pé bàbá rẹ̀ kò tún fojú kàn án kó tó kú.

Àgbọn ló wà níbẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, wọ́n tò ní ìlà ìlà láti òkè iyanrìn títí dé etí omi.

"Ibí ni ìlú wà tẹ́lẹ̀," ni Rẹ̀kíyà wí. "Òkun ló lé wa gòkè. Ilé kò sí mọ́, ògiri kò sí mọ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbọn yìí, àwa ni wọ́n. Bí wọ́n bá bí ọmọ sílùú yìí, wọ́n á ri ibi rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á sì gbin àgbọn lé e. Ilé kan, ìlà kan. Àwọn àgbà ló wà lókè, àwọn tí wọ́n bí kẹ́yìn ló súnmọ́ omi. Lónìí, ìdí àgbọn rẹ ni wàá ti jẹun. Wo tèmi lọ́hùn-ún, èyí tó tẹ̀ yẹn."

"Kí ló tẹ̀ ẹ́, Àǹtí?"

"Màmá mi ní ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín ló ti ń bá atẹ́gùn jiyàn. Èmi náà, ṣé o ti rí i kí n gbà fẹ́nikẹ́ni rí?"

Wọ́n tẹ́ ẹní sídìí àgbọn tó tẹ̀ náà, wọ́n jókòó. Ibẹ̀ ni Ìbídùn ti rí ohun tó ṣe é ní kàyéfì. Nínú ìlà tó kàn tiwọn, sídìí àgbọn gíga kan, wọ́n tẹ́ ẹní tuntun kan sílẹ̀, wọ́n gbé abọ́ oúnjẹ kan tí wọ́n dé sórí rẹ̀, kò sì sẹ́nì kankan tó jókòó lé e. Ìyá arúgbó kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí iyanrìn lásán ló nasẹ̀ sí. Lókèèrè díẹ̀, bàbá kan tó ti darúgbó dúró nínú oòrùn, ó ta agboòrùn dúdú lé orí, ó ń jẹun nínú abọ́ tó gbé dání, kò sì jókòó.

"Àǹtí, ta ló ni ẹní yẹn?"

Rẹ̀kíyà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ kì í wálẹ̀ rí wá rẹ ohùn sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyá Ògúnbáyọ̀ nìyẹn. Ògúnbáyọ̀ náà ló dúró sínú oòrùn yẹn, òun ni àkọ́bí rẹ̀. Ẹnìkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Akíntẹ́lú ni wọ́n ń pè é."

Ẹja tí Ìbídùn fẹ́ fi sẹ́nu dúró lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe. Akíntẹ́lú mọ̀wé, ó sì lẹ́nu. Ọdún márùn-ún ló lò ní iléèwé òkèèrè, ìgbà tó dé, kò sí ohun tí a ń ṣe tí kò fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ń kọ́ afárá sétí ọ̀sà, igi kan péré ló kù kó parí. Ìtì àgbọn ni wọ́n fi ń ṣe é. Akíntẹ́lú ní kí wọ́n lọ gé ọ̀kan nínú èyí tó wà létí òkun. Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Ó ní, 'Àbí ẹ rò pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú igi? Màá gé tèmi, ẹ ó sì rí i pé n kò ní kú.' Ó mú àáké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un."

"Ó sì gé e?"

"Ó gé e. Ṣùgbọ́n wò ó, Tíṣà. A kì í kọ orúkọ sára àgbọn. Láti ọ̀dọ̀ omi la ti ń kà á. Ìkẹta ni tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kò mọ̀ pé nígbà tí òun wà ní iléèwé, òkun ti gba ti ìkíní lọ, tirẹ̀ sì ti di ìkejì. Bí ó bá bi ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ìbá sọ fún un. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ka ọ̀kan, ó ka èjì, ó ka ẹ̀ta, ó gbé àáké sí i. Àgbọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gé."

Ìbídùn gbé ẹja padà sínú abọ́.

Rẹ̀kíyà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní bí òkun bá gba àgbọn ẹni, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, nítorí òkun kò bínú sẹ́nikẹ́ni. Ṣùgbọ́n èyí tí irin bá gé, ọ̀ràn ni. Ó ní ọjọ́ kejì ni ibà dá Ògúnbáyọ̀ wólẹ̀, ló bá di pé gbogbo ìlú ń pariwo pé àbúrò ti pa ẹ̀gbọ́n. Ògúnbáyọ̀ ránṣẹ́ láti orí ẹní àìsàn pé níwọ̀n ìgbà tí àgbọn òun kò ti lè dìde padà, òun kò fẹ́ fojú kan Akíntẹ́lú mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Akíntẹ́lú ti wọkọ̀ lọ.

"Ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí a dé ibí, Ìyá Ògúnbáyọ̀ lọ sídìí àgbọn tó kù nínú ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, èyí tó jẹ́ ti Akíntẹ́lú gan-an. Ó tẹ́ ẹní rẹ̀, ó bu oúnjẹ rẹ̀, ó jókòó tì í. Ọdọọdún ló ń ṣe é. Ògúnbáyọ̀ ní kò burú, òun tí kò lágbọn á máa jẹun lóòró, òun kò ní tọrọ ibòji lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ìyàwó òun. Agídí ló bí wọn nínú ilé yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó burú ni pé ó ti búra pé ọdún yìí lòun máa ká ẹní yẹn. Wò ó, ó ti ń bọ̀ náà nìyẹn."

Lóòótọ́ ni. Ògúnbáyọ̀ ti pa agboòrùn dé, ó gbé àga kékeré kan lọ́wọ́, ó ń bọ̀ níbi tí ìyá rẹ̀ wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ń wọ́ ọ lórí iyanrìn. Ariwo rọlẹ̀ láti ìlà dé ìlà. Àwọn tó ń jẹun dáwọ́ dúró.

"Màmá," ó wí, "mo ti sọ fún yín láti àná. Oòrùn ọdún méjìdínlógójì ti tó mi. Ẹ jẹ́ kí n jókòó."

"Ibòji pọ̀, Ògúnbáyọ̀," ni ìyá arúgbó náà dáhùn. "Jókòó síbi tó bá wù ọ́."

"Ibí ló wù mí. Ó gé tèmi. Tirẹ̀ ló yẹ kí n fi rọ́pò. Ẹjọ́ wo ló tún tọ́ ju ìyẹn lọ?"

Ọ̀pọ̀ ènìyàn mi orí. Ká má parọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ẹ̀bi rẹ̀ kọ́ ni pé kò ní àgbọn.

"Mi ò sọ pé kò tọ́," ni ìyá wí. "Mo ní ààyè kò sí níbẹ̀ ni."

"Ààyè kò sí? Màmá, ojú gbogbo ìlú rèé! Ta ló jókòó síbẹ̀?"

Ìyá arúgbó náà kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. Òkun ló ń wò. Ó ní, "Ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ tí a kò jókòó lé, ó ní ẹni tó ń retí. Ọ̀rọ̀ mi nìyẹn."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ògúnbáyọ̀ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó gbé àga kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú etí ẹní náà.

"Ẹni tó ń retí ti gbàgbé ọ̀nà," ó wí. "Bí ó bá ń bọ̀ ni, ìbá ti dé."

Ìbídùn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó rántí pé bàbá rẹ̀ ní kí òun kọ́kọ́ wò. Ó ti wò, ó sì ti rí i: kì í ṣe gbogbo inú ló rọ̀. Bí ó bá dákẹ́, wọn á ká ẹní náà níṣojú rẹ̀, òun á sì padà sí Jọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìwé tó kún fún ìtàn àwọn baba ńlá ẹlòmíràn. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, ìyá náà á bi í léèrè ohun tí ó dájú pé yóò bi í, kò sì mọ bí òun ṣe máa dáhùn. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dìde kí ọkàn rẹ̀ tó parí àròjinlẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó kọjá láàrin àwọn ènìyàn, ó sì jókòó sí àárín ẹní náà.

"Yéè! Tíṣà!" ni Rẹ̀kíyà ké. "Kúrò níbẹ̀!"

Ògúnbáyọ̀ fi etí ẹní sílẹ̀, ó nàró. "Tíṣà, àlejò ni ọ́, a ò ní bá ọ wí. Wọn kì í jókòó síbẹ̀. Dìde."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò ní dìde." Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹní náà. "Akíntẹ́lú ló bí mi."

Ìyá arúgbó náà yí ara padà díẹ̀díẹ̀.

"Tún un wí."

"Akíntẹ́lú ni bàbá mi, Màmá. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀. Ìbídùn ni mò ń jẹ́."

Ìyá na ọwọ́, ó fọwọ́ kan ojú rẹ̀, ó fọwọ́ kan ejìká rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú gírígírí bí ẹni tí ẹnìkan fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìbídùn," ó wí. "Ìbídùn. Òun náà ńkọ́? Ó ń bọ̀ lẹ́yìn?"

Ìbéèrè tó ń bà á lẹ́rù ti dé. Ní ilẹ̀ wa, a kì í la ẹnu gbàgà sọ fún abiyamọ pé ọmọ tó bí ti kú. A ń fi pamọ́ fún un ni, a ń sọ pé ó rìnrìn-àjò. Rẹ̀kíyà ti dé ẹ̀yìn Ìbídùn, ó ti ń já a léèékánná léjìká pé kó ṣọ́ ẹnu. Ìbídùn kò lè parọ́, kò sì lè sọ òtítọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló rí sọ.

"Màmá, èmi ló rán wá."

Ìyá Ògúnbáyọ̀ kọjú sí òkun. Ìgbì kan wá, ó padà. Òmíràn wá, ó padà.

"Ọmọ tó rán ọmọ rẹ̀ sí mi," ó wí jẹ́jẹ́, "tí kò dá ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń bọ̀, ó ti jókòó síbòmíràn."

Ó tẹrí ba. Omijé rẹ̀ ń kán sórí iyanrìn, kò nù ún. Àwọn ènìyàn gbé ojú kúrò lára rẹ̀, wọ́n kọjú sí omi. Ìbídùn náà ń sunkún, òun tí kò sunkún tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin bàbá rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò retí rẹ̀. Ògúnbáyọ̀ ká sílẹ̀ lórí iyanrìn bí aṣọ tó já lórí okùn.

"Ibà ni," ó wí. "Ibà lásán ni. Ọjọ́ kẹrin ni mo dìde. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ti àgbọn. Mo ní kí ìyà jẹ ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré, kí n tó ránṣẹ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Oṣù di ọdún. Ojú wá ń tì mí. Mo wá ń dúró sínú oòrùn kí ẹ lè máa rò pé èmi ni wọ́n ṣẹ̀." Ó wo Ìbídùn. "Ọmọ àbúrò mi, kí ni kí n sọ fún ọ?"

Inú bí Ìbídùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò bí i. Gbogbo ọyẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi ròyìn òkun, gbogbo "ó dèèmíì" tó sọ, nítorí ọ̀sẹ̀ kan tí ẹnìkan fẹ́ fi jẹ ẹ́ níyà! Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó máa dun bàbá náà wọra. Ó wò ó. Ó rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú. Ó rí iwájú orí rẹ̀, bí ó ṣe yọ síwájú díẹ̀, ó sì mọ iwájú orí yẹn, nítorí pé ó ti ń wò ó lórí bàbá rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti lójú. Ìbínú náà kò lọ, ṣùgbọ́n ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún nǹkan mìíràn.

Òun náà sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí ẹní.

"Bàbá, ẹ wá jókòó," ó wí. "Ó gbà wá."

Ògúnbáyọ̀ kò sún. Ìyá rẹ̀ ló ń wò, bí ọmọdé tó ń dúró de àṣẹ.

"Kí lò ń wò mí sí?" ni ìyá wí. "Mo ti ń sọ fún ọ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá pé èmi kọ́ ni mo ni ín. Ẹni tó ni ín ti dá ọ lóhùn."

Ògúnbáyọ̀ fi ọwọ́ àti orúnkún rìn dé orí ẹní náà, ó jókòó sábẹ́ ibòji, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin. Ìyá rẹ̀ pẹ̀lú kúrò lórí iyanrìn, ó bọ́ sáàrin àwọn méjèèjì. Ó ṣí abọ́. Púpurú àti ẹja ló wà níbẹ̀, bó ṣe máa ń wà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Ó bu òkèlè, ó fi sí Ìbídùn lọ́wọ́.

"Jẹun, ọmọ mi," ó wí. "Ó ti ń tutù láti ọdún méjìdínlógójì."

Ìbídùn jẹ ẹ́. Ó ní láti ọjọ́ náà títí dòní, òun kò tíì jẹ oúnjẹ mìíràn tó gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Òkun ti gba àgbọn yẹn báyìí. Ó ti gba gbogbo ìlà náà, ó ti gba àgbọn Rẹ̀kíyà tó tẹ̀, ó sì ti gba ibi tí wọ́n jókòó sí. Ìyá Ògúnbáyọ̀ ti lọ, Ògúnbáyọ̀ náà ti tẹ̀lé e. Òkè ni àwọn ará Etíyanrìn ti ń ṣe ìgbafẹ́ wọn nísinsìnyí, sídìí àwọn àgbọn tuntun, atẹ́gùn sì tún ń já gèlè bíi ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ilé kan tí kì í mú ẹní kan lé nígbà tí wọ́n bá ń lọ síbẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á gbé abọ́ lé e, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ọmọ wọn wà nílùú òyìnbó, ọmọ wọn wà lókè ọya, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ mọ ibi tí tirẹ̀ wà.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, tí ẹsẹ̀ ń dùn yín, tí ẹ rí ẹní kan tó ṣófo lábẹ́ ibòji tó tutù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ná. Bí ẹnikẹ́ni kò bá sì mọ̀ yín níbẹ̀, ẹ dárúkọ bàbá yín. Ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀ tí a kò jókòó lé, ó ní ẹni tó ń retí.